Omi Ìbéèrè láti Òkè Ìdànrè

Ẹ gbé àga yín kúrò nínú oòrùn, kí ẹ sún mọ́ mi. Etí mi kò gbọ́ràn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, n kò sì fẹ́ kí a máa pariwo mọ́ ara wa bí ẹni tó ń kéde nínú ọjà. Ẹ ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti Ayọ̀mídé ọmọ ọmọ mi, nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, tó jí gun Òkè Ìdànrè láìjẹun, tí màmá yín, ìyàwó mi, sì fi igbe ta gbogbo àdúgbò jí. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi mọ̀, torí àgbàlagbà kì í gba ọ̀nà tààrà délé, ó gbọ́dọ̀ yà kí àwọn kan.

Ìtàn ni Ayọ̀mídé ń kà ní yunifásítì. Akíntádé bàbá rẹ̀, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, ì bá fẹ́ kó ka òfin, ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Sẹ́mẹ́sítà tuntun ti fẹ́ wọlé, wọ́n sì ní kí wọ́n yan àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ó ti yan gbogbo rẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Méjì ló wà níwájú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú wọn: ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù, àti èyí tí wọ́n ń pè ní ìtàn àtẹnudẹ́nu. Nínú èyí kejì yìí, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ jókòó ti àwọn àgbà ìlú kan, á bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, á sì kọ ohun tó bá gbọ́ fún lẹ́kítọ̀. Ibi tí Dàmi nínú yín jókòó sí yẹn gan-an ló jókòó sí, fóònù lọ́wọ́, tó ní, "Bàbá, èwo ni kí n mú?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé n kò ní èsì o. Èsì kún ẹnu mi débi pé mo ní láti gbé e mì. Ohun kan wà lọ́wọ́ mi nígbà náà tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ láyé yìí, mo sì ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi béèrè rẹ̀. Bí ọmọ yìí bá mú ìtàn àtẹnudẹ́nu, mo ní nínú ọkàn mi pé ó ti bọ́ sí i nìyẹn, ó di dandan kó béèrè. Bí kò bá mú un, ta ló tún kù?

Kí ẹ tó lè mọ ohun náà, ẹ ní láti kọ́kọ́ bá mi gun òkè.

Àwọn ará Ìdànrè ti sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè, níbi tí ìlú wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bí mi. Odòde níbí ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ páànù. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí bàbá mi kò sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí àwọn èèyàn ń di ẹrù wọn, tí wọ́n ń sọ pé mọ́tò kò lè gun òkè wá bá àwọn, ó ní òun kò ránṣẹ́ pe mọ́tò. Òun àti àwọn arúgbó díẹ̀ ló ṣẹ́ kù sókè. Àwa ọmọ la máa ń ru iyọ̀, iṣu, kẹrosíìnì àti ìṣáná lọ fún un, tí a ó sì sùn tì í nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi.

Lónìí, àwọn èèyàn ń gun òkè láti ya fọ́tò. Nígbà náà, ẹrù ló ń gbé wa gùn ún. Òfin kan sì wà: bí iṣu bá bọ́ lórí rẹ, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e, kò sí ẹni tó máa bá ọ lọ. Iṣu tó bá bọ́ lórí àpáta Ìdànrè kì í sinmi lójú ọ̀nà. A ó máa gbọ́ ọ bó ṣe ń yí, gbì, gbì, gbì, títí tí a kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Mo ti rí ọmọkùnrin tó jókòó sílẹ̀ tó sunkún lẹ́yìn iṣu. Nígbà tó sì máa fi rí i, iṣu ti fọ́, ewúrẹ́ ti jẹ nínú rẹ̀.

Ohùn òkè ni n kò lè gbàgbé. Bí obìnrin kan bá ń gúnyán lápá ibí, àpáta á máa gún tirẹ̀ lápá ọ̀hún, tí àlejò á rò pé ilé méjì ló ń gúnyán. Bí ọjọ́ bá rọ̀, ọ̀fàfà á bẹ̀rẹ̀ igbe rẹ̀, ẹranko kékeré tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ gbọ́ ọ, kò tó ológbò, ó ń pariwo bí olórí ogun." Agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà máa ń gòkè wá bá wa láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé.

Orí àpáta náà la ti ń sá gbogbo nǹkan: èlùbọ́, ata, aṣọ tí a fọ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ké, gbogbo ilé á tú jáde. Ohun tó bá sún mọ́ ọ ni wàá kó, kì í ṣe ohun tó jẹ́ tìrẹ. Ìgbà tí òjò bá dá tán la ó tó jókòó máa pín in: "Ata ta nìyí? Ìró ta ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?" Nínú ọgbà wa níbí, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ ní ìjẹta, olúkúlùkù sáré jáde lọ ká aṣọ tirẹ̀ lórí okùn. Ṣẹ́ẹ̀tì aládùúgbò wa kan, tó lọ sí Òwènà, ló wà níbẹ̀ tí òjò ń na, èèyàn sì kọjá lábẹ́ rẹ̀ o. N kò bú ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń wí ohun tí ojú mi rí ni.

Bí ọdún Orósùn bá dé, òkè á tún di ìlú. Àwọn èèyàn á gòkè láti Odòde, láti Àlàdé, àní láti ọ̀nà Òfòsù lọ́hùn-ún tí wọ́n lọ dá oko kòkó sí. Ilé tí ewéko ti bò á rí ẹni gbá a. Ìyá Àgbà á ró ìró rẹ̀ tó dára jù, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa kí èèyàn bí ẹni pé kò fìgbà kan dá wà rí. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọdún, òun nìkan ló máa gbá ojúde náà, díẹ̀díẹ̀, tí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ó sì máa ń dùn mí gan-an, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Wàyí o, ẹ fetí sí èyí. Nílé wa lókè, a ní àṣà kan. Omi kan ń sun láti inú ihò àpáta lẹ́yìn ilé, lókè ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ osùn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbẹ ẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ inú ilé, bóyá ẹni tó kọ́ ọ, tàbí ìdí tí ẹbí wa kì í fi jẹ irú ẹran kan, á fi igbá kékeré pọn omi náà, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á gbé e fún àgbà. Àgbà á mu nínú rẹ̀, á da ìyókù sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Béèrè." Omi kan, ìbéèrè kan. Àgbà kò gbọ́dọ̀ purọ́, torí omi òkè ti wà níkùn rẹ̀. Omi ìbéèrè là ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pọn omi, àgbà kì í sọ. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ ìta, bí irú èyí tí mò ń bá yín sọ yìí, ti iṣu àti ti ọ̀fàfà. Ọ̀rọ̀ inú ilé, ó di ìgbà tí omi bá dé.

Akínbọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló fi àṣà yìí pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀bọ máa ń jókòó yí omi náà ká, ó sì ń bẹ̀rù wọn bí ẹni bẹ̀rù ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ béèrè ẹni tó kọ́ ilé wa. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó pọn omi láti odò ìsàlẹ̀ níbí, ó rù ú gun gbogbo òkè náà, òógùn bò ó, kí ó má ba à rìn dé ẹ̀yìn ilé lọ́dọ̀ àwọn ọ̀bọ. Ìyá Àgbà gbé igbá sẹ́nu, ó tọ́ ọ wò, ó wò ó títí. "Ọma mi," ó ní, báyẹn la ṣe ń pe ọmọ ní ti Ìdànrè, "omi ìsàlẹ̀ lo gbé wá, ìtàn ìsàlẹ̀ ni n ó sọ fún ọ." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí bàbá Akínbọ̀dé ṣe bá kápẹ́ńtà jà lórí páànù tó ń jò, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Omi Ìsàlẹ̀ la sọ ọ́ títí tó fi darúgbó. Nígbà tí a ń sìnkú rẹ̀ l'Ékòó, tí àlùfáà ń ka ìwé ìtàn ayé rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi pọn omi dáadáa ní tèmi. Mo béèrè púpọ̀, Ìyá Àgbà sì dáhùn. Ohun tí mo béèrè kẹ́yìn ni orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, kí a tó wá sọ ti ìyá bàbá rẹ̀. Àwọn tó ń pe orúkọ náà ti kú tán. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Ó mà ti pẹ́ o, tí ẹnikẹ́ni ti pè mí." Ó sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e kò bá a láyé. Kò ṣe ìrìbọmi, nítorí náà kò sí nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Òun ló bí bàbá mi, bàbá mi bí mi, èmi náà bímọ. Nígbà tí Ayọ̀mídé fi wá bá mi, kò sí ẹni tó mọ orúkọ obìnrin náà mọ́ bí kò ṣe èmi tí ẹ ń wò yìí. Ká ní mo kú nígbà náà láìjẹ́ pé ẹnìkan béèrè, ó parí nìyẹn.

Mo rí i pé Dàmi ti fẹ́ la ẹnu. Wí ohun tó o fẹ́ wí.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe kí ẹ kàn sọ ọ́ fún wa ni?"

Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé o rò pé n kò dán an wò rí? Mo pe Akíntádé lọ́dún kan, mo ní, jókòó, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà fún ọ. Ó jókòó lóòótọ́, ó ń sọ pé "ẹn-ẹ́n, Bàbá," ó ń tẹ fóònù. Mo yí ọ̀rọ̀ náà padà, mo bi í léèrè bí ọ̀nà Àkúrẹ́ ṣe rí. Ọ̀rọ̀ tí a kò béèrè, etí ló ń gbọ́ ọ, kò dé inú.

Ìgbà tí mo sì gun òkè kẹ́yìn, nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú ilé wa tó ń mú àwọn àlejò káàkiri. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn ihò tí àwọn obìnrin ti lọ osùn títí tí àpáta fi jẹ wọlé. Ó ń fi òyìnbó sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni àwọn jagunjagun ti ń pọ́n idà. Àlejò ń mi orí, wọ́n ń ya fọ́tò. N kò bínú sí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, ikùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí òkúta kan níbẹ̀, inú mi bàjẹ́ gidigidi, mo ń wo ilé tí n kò lè bá sọ̀rọ̀.

Ó yá, a padà sọ́dọ̀ Ayọ̀mídé. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tó bi mí léèrè, bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ọmọ náà sì gbé ohùn fóònù sókè kí èmi náà lè gbọ́.

"Ti Yúróòpù ni kó o mú," Akíntádé ní. "Òun ló máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ tó o bá fẹ́ lọ kàwé sí i lókè òkun. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kẹ̀? Ṣé ó dìgbà tí mo bá san school fees kó tó bi bàbá mi léèrè ọ̀rọ̀ ni?"

Mo ní, "Akíntádé, ìwọ náà gbé lọ́dọ̀ mi títí o fi gbéyàwó. Kí lo bi mí?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, sà." Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ọmọ náà pé kó kọ ti Yúróòpù. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ kò gbàgbé. Èmi náà ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ Ìdànrè pé òyìnbó kan ló wá rí odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ kò pọn omi níbẹ̀ rí. Síbẹ̀, ìwé tí mo kà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ayé tóbi ju òkè wa lọ. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Báwo ni mo ṣe máa wá sọ fún ọmọ ọmọ mi pé kó má lọ wo ibi tí ayé dé? Mo kàn sọ ìtàn Omi Ìsàlẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé níbo gan-an ni omi àwọn ọ̀bọ náà wà, mo sì júwe rẹ̀, mo rò pé ó kàn ń bi mí fún ẹ̀rín ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wá a, a kò rí i. Màmá yín ti dín àkàrà sílẹ̀ dè é. Ó wo yàrá, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ké: "Wọ́n ti gbé ọmọ ọlọ́mọ! Kí ni mo máa wí fún Akíntádé?" Àwọn aládùúgbò ti ń di ìró mọ́ra kí ọmọ kan tó sọ pé òun rí i lójú àtẹ̀gùn, tó ń gun òkè. Oòrùn ti mú kó tó padà dé. Koríko lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, òógùn ń kán lójú rẹ̀, báàgì wà léjìká rẹ̀.

"Mọ̀mọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa rárá nísàlẹ̀ níbí, ọjọ́ sì ti fẹ́ lọ mọ́ wa láti yan kọ́ọ̀sì. Òkè ni mo ti rí i ṣe."

Mo ní, "O ti yàn án?"

"Mo ti yàn án, sà. Ti Yúróòpù ni mo mú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún yín. Ó dùn mí. Mo wo ilẹ̀, mo ń wá ibi tí ọ̀pá mi wà, ó sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á fún ọ ní òye rẹ̀." Mo ti ń gbìyànjú láti dìde kí n wọlé, kí wọ́n má ba à rí ojú mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ dúró ná." Ó kúnlẹ̀ síwájú mi lórí sìmẹ́ńtì yìí. "Òótọ́ ni Dádì sọ. Kò dìgbà tí wọ́n bá sanwó fún mi kí n tó bi yín léèrè. Tó bá jẹ́ pé mo mú kọ́ọ̀sì yẹn, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yín fún lẹ́kítọ̀ láti fún mi ní máàkì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bírò pupa sàmì sí ọ̀rọ̀ yín." Ló bá ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó mú ike omi kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀bọ ni mo ti pọn ọ́n. Wọ́n ń wò mí o, Bàbá."

Mo gbé ike náà sẹ́nu. Omi òkè ni. Ó tutù, ó ń ta òórùn òkúta àti ti ewé, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo da ìyókù sẹ́nu ọ̀nà, lórí sìmẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ yẹn.

"Béèrè," mo wí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọba ló máa béèrè, tàbí ti ogun, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ wọn nínú ìtàn. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, kí ni orúkọ Ìyá Àgbà?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti pè é. Mo sọ ọ́ fún un. Ó tún un pè, ó pè é dáadáa, bí a ṣe ń pè é lókè. A ti di méjì báyìí tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ń kọ́? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, kò sí omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Òkè ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọ̀bọ kò sì tíì jẹ èèyàn rí. Ẹ tètè lọ, òùngbẹ ṣì ń gbẹ mí.